Ìyẹ̀fun Tí Kò Gba Aró

"Ìyẹ̀fun yìí ti fa omi. Ta ló ṣí ìgò rẹ̀ tí kò dé e padà?"

Ọ̀gá àgbà láàbù ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló dúró yí tábìlì náà ká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Márùn-ún nínú wọn ti kàwé títí ojú wọn fi ń béèrè fún dígí. Ẹnì kẹfà ni ọkùnrin tó ń fọ ìgò, ẹni tó fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, tó jẹ́ pé ojú lásán ló fi kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nínú ilé náà. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó dúró lẹ́bàá fèrèsé kò jẹ́ kí ìbéèrè náà balẹ̀ tó fi na ọwọ́ sí ẹnì kẹfà yìí.

"Òun ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, sà. Àìbìkítà ni."

Ọkùnrin náà ní òun dé ìgò náà. Wọ́n ní kó má yọ àwọn lẹ́nu. Ó tún un sọ pé òun dé e, wọ́n ní ó gbó wọn lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó kúrò nídìí ẹ̀rọ omi, kó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí a ṣe ń wọn èròjà lórí ìwọ̀n. Ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí rẹ̀ fún un. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún. Wọ́n dá a padà sídìí ẹ̀rọ omi, ibẹ̀ náà ló sì wà láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí gbogbo ayé ń pè é ní Bàbá Ìgò.

Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún yìí, olùkọ́ ọ̀dọ́ náà di Ọ̀jọ̀gbọ́n, irun orí rẹ̀ re àjò, láàbù sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Bàbá Ìgò kò bá a sọ̀rọ̀ rí. Kì í ṣe pé kì í kí i o, nítorí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ẹ̀sùn kan kà sí i lọ́rùn. Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá wọlé, Bàbá Ìgò á kọjú sí ògiri, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé." Tó bá ní ohun tó fẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́, á rán ẹlòmíràn sí i, ì báà jẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ dúró sójú kan.

"Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ọṣẹ ti tán."

Ẹni tí wọ́n rán á yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò jìnnà sí i ju apá kan lọ. "Wọ́n ní ọṣẹ ti tán, sà."

"Mo gbọ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n á wí, á mí kanlẹ̀. "Ẹ ní wọ́n máa rí òmíràn gbà lọ́la."

Báyìí náà ni Bàbá Ìgò ṣe wà láti kékeré. Ní kíláàsì kẹrin yẹn, olùkọ́ kan nà án nítorí yíǹkì tí ọmọ mìíràn dà sílẹ̀. Ó di ìwé rẹ̀, ó lọ sílé. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, bàbá rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ wá sílé wá rẹ́rìn-ín sí i. Kò padà. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú gbogbo kíláàsì pé òun kọ́ ló da yíǹkì lòun máa padà. Wọn kò sọ ọ́.

Ẹ wá wo ojú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín pé wọ́n ti gba òun láti wá ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní láàbù náà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn gan-an.

"Nínú gbogbo láàbù tó wà lábẹ́ ọ̀run?" ó bi í.

"Bàámi, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ aró tó Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ó mọ aró. Ó mọ irọ́ náà." Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyẹn ti di ọdún mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé tí à ń sọ yìí, ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ wálé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó sórí àga yàrá àlejò pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, kò wò ó.

"Ó tún ti bàjẹ́," ló sọ nígbà tó yá. "Ẹlẹ́ẹ̀keje rèé."

"Ìyẹ̀fun náà?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, Bàbá Ọmọ. Tí òun bá ń ṣàlàyé rẹ̀ orí ní ń fọ́ mi."

Bàbá Ìgò fẹ́ràn kí wọ́n bi òun ní irú ìbéèrè yìí, àmọ́ kì í jẹ́ kó hàn. "Kí ló le níbẹ̀? Ìyẹ̀fun funfun kan ni, sílíkà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ìyá yanrìn ni, àmọ́ ihò kún inú rẹ̀, ihò tí ojú ò lè rí. Wọ́n fẹ́ kó aró sínú àwọn ihò yẹn, kí wọ́n lè fi ṣe ọ̀dà tí oòrùn àti òjò ò ní lè ṣe ní nǹkan kan. Tí aró bá kéré, á wọlé, á tún jáde. Tó bá tóbi, kò ní wọlé rárá. O rántí bí a ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì wa wọ yàrá?"

"Tí ilẹ̀kùn ò gbà á?"

"A tú u sí wẹ́wẹ́, a kó o wọlé, a wá kàn án pọ̀ nínú. Ṣé ó lè jáde mọ́? Ohun tó ń ṣe nìyẹn. Á kó aró wẹ́wẹ́ wọ inú ihò, á gbé e kaná kí wọ́n so mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n náà á tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó di onílé nìyẹn."

"Tí kì í bá ṣe pé omi ti gba inú ihò náà," ọmọ náà wí. "Tí omi bá wà níbẹ̀, aró ò ní ráyè wọlé. Ìta ló máa so mọ́ra sí. Mo da omi sí i lónìí, gbogbo aró pupa náà ṣàn dànù, ìyẹ̀fun mi funfun báláú. Bàámi, mò ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun yìí gbẹ. Gbogbo alẹ́ ni mò ń fi í sínú ààrò oníná. Bí mo bá sì yọ ọ́ láàárọ̀, inú ìgò ni mò ń dà á sí lójú ẹsẹ̀, mò ń dé e. Mi ò mọ ohun tí wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe."

Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó nà án sí bàbá rẹ̀. Bàbá Ìgò lè kàwé, àmọ́ kì í yára. Ó ní kó kà á fún òun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Ó ní àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní tí ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ bá tún bàjẹ́ lójú wọn, òun á dábàá pé kí wọ́n dá akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró láìgba oyè, nítorí pé ó hàn gbangba pé kì í dé ìgò ìyẹ̀fun rẹ̀, àìbìkítà sì ni.

"Ka ìparí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Àìbìkítà sì ni."

Bàbá Ìgò dìde, ó tún jókòó. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu kan náà. Bíi pé ọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀ náà nínú àpò fún gbogbo ìdílé òun, tó ń pín in fún wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Màmá," ó wí, nítorí orúkọ ìyá rẹ̀ ló sọ ọmọ náà, "ṣé o máa ń dé ìgò yẹn?"

Ojú tí ọmọ náà fi wò ó mú un kábàámọ̀ pé òun béèrè. "Ẹ̀yin náà, Bàámi?"

Kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí oòrùn tó yọ rárá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Ìgò, ṣé ìyàwó lé yín jáde ni?"

"Ìwọ ṣí géètì ná, ká tó sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Ẹni tó fẹ́ wá mú ni ẹni tó ń ṣí ìgò. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ẹnì kan ń bẹ nínú ilé náà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì ti mọ ẹni tí òun fẹ́ kó jẹ́. Ó lọ tààrà sí pẹpẹ ọmọ rẹ̀. Ìgò wà níbẹ̀, ó dé pa. Ó wò ó títí, inú bí i pé ìgò náà dé. Ló bá yíjú sí ààrò tó wà ní kọ̀rọ̀, ààrò onírin tó ga tó àpótí aṣọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Ààrò tutù.

Ó ṣí i. Àwo gíláàsì tí ìyẹ̀fun funfun wà nínú rẹ̀ jókòó sí àárín, ó tutù mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan. Bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kòrókòró ni ọmọ náà ṣe tàn án lánàá kí wọ́n tó jọ lọ. Ó ní bóyá iná ló lọ lóru; ó wo fíríìjì, ó ń dún, yìnyín inú rẹ̀ le gbagidi. Iná kò lọ. Ó ti ilẹ̀kùn ààrò náà padà, kò tàn án. Ó lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn pákó tí wọ́n ń gbé ìgò tútù kọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi wọlé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín fún un. Ó gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tan fáànù. Ó tan ẹ̀rọ tó ń se omi. Ó dé ìdí ààrò, ó yí bọ́tìnnì rẹ̀, iná pupa kékeré tàn, ó sì ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ imú, bí onísọ́ọ̀bù tó ń ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Kò sí ohun tó jọ olè nínú ìṣe rẹ̀.

"Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń pa á?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sókè. Nígbà tó rí ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹnu yà á ju ẹ̀rù lọ. "Bàbá Ìgò. Èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ààrò ni mò ń béèrè."

"Ààrò kẹ̀? Alaalẹ́ ni. Èmi ni mo máa ń lọ sílé gbẹ̀yìn, mi ò sì lè fi nǹkan oníná sílẹ̀ ní títàn kí n lọ, mi ò ní lè sùn. Bí mo ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn, ìyàwó mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ sú. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ olùkọ́ kékeré ní ibí..." Ó dúró.

"Ẹ parí ẹ̀," Bàbá Ìgò wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ààrò. Ó fi ìka kan ìyẹ̀fun inú àwo. "Mo rò pé á ti gbẹ kí n tó máa lọ ni."

"Wákàtí méjì? Kò tíì gbẹ dénú nígbà yẹn. Ó wá ń jókòó sínú òtútù mọ́jú, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Tí ọmọ mi bá fi máa dé, ẹ ti tún un tàn, ó gbóná, ó rò pé gbogbo òru ló fi wà níná. Èmi tí mi ò kàwé ló ń ṣàlàyé èyí fún yín o."

Ọ̀jọ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Mo ti gbọ́. A ò ní pa á lálẹ́ òní. Màá ya ìwé tí mo kọ fún un."

"Tèmi ńkọ́?"

"Èwo ni tiyín?"

Bàbá Ìgò nawọ́ sí ìgò tó wà lórí pẹpẹ ọmọ rẹ̀.

"Ọdún mọ́kàndínlógún, Bàbá Ìgò," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí níkẹyìn. "Ọ̀gá àgbà ìgbà náà ti kú. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti túká. Ta la fẹ́ máa rò ó fún?"

"Èmi. Èmi ò tíì kú."

Ibẹ̀ ni ọmọ náà bá wọn. Ó wo ààrò tó ṣí sílẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì, ó ti gbọ́ díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n ṣàlàyé. Ó di apá bàbá rẹ̀ mú, ó fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Òun ló ń pa á?" ó bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Alaalẹ́. Ó sì ń pa á nígbà tèmi náà. Jẹ́ kí n padà wọlé, ó máa jẹ́wọ́ lónìí."

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀tunla ni Ọjọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá dójú tì í báyìí, ta ló máa fọwọ́ sí ìwé mi? Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun mi gbẹ lálẹ́ òní, kí n ṣe iṣẹ́ mi lọ́la, kí n gba oyè mi."

"O fẹ́ kí n dákẹ́."

"Kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan títí wọ́n á fi lọ."

"Mo ti dákẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún."

"Ẹ ò dákẹ́, Bàámi. Ògiri lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ìyẹn náà tún bí i nínú. Ó wo ojú ọmọ náà tó ti wọnú láàárín oṣù díẹ̀. "Mi ò ní sọ̀rọ̀," ó wí. Ó sì lọ sídìí ẹ̀rọ omi rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ ìgò bí ẹni tó ń bá wọn jà.

Ààrò gbóná mọ́jú lọ́jọ́ yẹn. Ní Ọjọ́rú, ọmọ náà kó aró wẹ́wẹ́ rẹ̀ sínú ìyẹ̀fun, ó gbé e kaná títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́bọ̀ pé, àwọn olùyẹ̀wò dé, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó gbé dígí sí ṣóńṣó imú, ó hàn pé òun ni olórí wọn. Bàbá Ìgò dúró nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, àmọ́ kò sí etí rẹ̀ tí kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ náà da ìyẹ̀fun pupa sórí bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ nǹkan. Ó da omi gbígbóná sí i. Bàbá Ìgò kò lè fara dà á, ó yíjú wò. Omi tó ń kán sínú ife ìsàlẹ̀ mọ́ lóló. Ọmọ náà tún da òmíràn sí i, ó da ọtí líle sí i, ó tún da omi. Ó mọ́ lóló. Ìyẹ̀fun náà jókòó sórí bébà, ó pupa rokoṣo.

"Ó dára gan-an," obìnrin onídígí wí. Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ìgbà méje ló bàjẹ́, mo kà á níbí. Kí lo wá ṣe yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí?"

Ọmọ náà wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mo túbọ̀ ṣọ́ra ni, mà," ọmọ náà wí. "Mo... mò ń dé ìgò ìyẹ̀fun náà dáadáa báyìí."

"Ìyẹn ni pé o kì í dé e tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Obìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Ìgò gbọ́ bí bírò ṣe ń rìn lórí ìwé. Ohun tí òun kò gbà fún wọn láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí wọn kò lè fipá gbà lẹ́nu òun, ọmọ òun ti gbà á fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ kígbe pé irọ́ ni. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ náà, ó rí bí èjìká rẹ̀ ṣe le, ó rántí pé òun ṣèlérí. Kí òun má baà gbọ́ èyí tó kù, ó ṣí ẹ̀rọ omi délẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí bú sínú agbada irin.

Nínú ariwo omi yìí ló ti gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. Ohùn náà kò ga.

"Kì í ṣe ìdérí, ẹ má kọ ìyẹn. Ó máa ń dé e. Èmi ni mò ń pa ààrò rẹ̀ lálẹ́, ìyẹ̀fun náà kò gbẹ rí. Èmi náà ni mo tún kọ̀wé pé aláìbìkítà ni."

"Ẹ̀yin, Ọ̀jọ̀gbọ́n?" obìnrin náà wí.

"Èmi. Kì í sì í ṣe òun nìkan." Ẹsẹ̀ rìn wá sídìí ẹ̀rọ omi, ó dúró. "Bàbá rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ kékeré, ìyẹ̀fun bàjẹ́ báyìí, mo sì ní òun ló ṣí ìgò sílẹ̀. Èmi ni mo ṣí ìgò yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dé pinpin, aṣọ ni mo fi dì í mú kó tó gbà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa ní èmi ni, mo bá nawọ́ sí i."

Bàbá Ìgò kò yíjú. Ó ṣan ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ aṣọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ti ẹ̀rọ omi pa, tó wá kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an, tí kò rán ẹnikẹ́ni sí i.

"Omi ń pariwo," ó wí. "Mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀. Ẹ tún un sọ."

"Bàámi," ọmọ náà wí láti ẹ̀yìn.

"Ó yẹ kí n gbọ́ ọ dáadáa, Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àwọn olùyẹ̀wò, ó wo ilẹ̀, ó gbójú sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ ga tó kí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́.

"Ẹ dé ìgò náà. Mo mọ̀ pé ẹ dé e, mo sì purọ́ mọ́ yín."